Ẹní Tí Mo Fi Ọwọ́ Mi Rán, àti Ẹ̀bùn Tí Wọn Kò Fún Rótìmí

Ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn ń kọ́ iṣẹ́ tísà ní Ìjanìkin. Ní ọjọ́ kan tó wálé, ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń wá àgbà tó máa sọ fún wọn bí iṣẹ́ ṣe rí láyé, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ayé wọn ṣe. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹni tó lè dúró níwájú èrò. Ọmọ Ìkọ́gà ni mí, èdè Ẹ̀gùn ni ìyá mi fi tọ́ mi, bí ojú bá sì ń tì mí, Yorùbá mi a máa ta kókó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn ẹni tó fi iṣẹ́ rẹ̀ là, kó fi èyí sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni mo fẹ́ sọ, àti bí mo ṣe ti inú rẹ̀ ṣẹ̀.

Hunsu lorúkọ mi. Iṣẹ́ mi ni títọ́jú pápá kíríkẹ́ẹ̀tì. Fún ẹni tí kò mọ eré náà: ẹnì kan á sáré wá, á ju bọ́ọ̀lù pupa tó le bí òkúta, bọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ balẹ̀, á ta sókè, ẹnì kejì tó di igi pẹlẹbẹ mú á gbá a, kó má baà wó igi mẹ́ta tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí bọ́ọ̀lù ń balẹ̀ sí yẹn, wíkẹ́ẹ̀tì là ń pè é, òun gan-an ni iṣẹ́ mi. Bí ibẹ̀ bá tẹ́jú, ẹni tó di igi mú á mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà bọ̀. Bí kò bá tẹ́jú, ẹ̀mí onítọ̀hún wà lọ́wọ́ ẹni tó tọ́jú ilẹ̀.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi apá òsì sílẹ̀ kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún ni mo dé ibẹ̀. Pápá náà wà lẹ́bàá Aradágùn, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tísà àti akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ló ni ín. Wọn kò gbà mí nítorí ìwé. Yanrìn ni ilẹ̀ etíkun wa, bọ́ọ̀lù kì í sì í ta lórí yanrìn. Amọ̀ òkìtì ọ̀gán ni wọ́n ń wá, èmi sì mọ gbogbo òkìtì ọ̀gán tó wà ní Ìkọ́gà. Mo ru apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin wá, wọ́n ní kí n tún mú sí i wá, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn òṣìṣẹ́. Owó oṣù náà tó jẹ, kò tó tọ́jú pamọ́. Ọ̀rọ̀ owó tán síbẹ̀.

Ọ̀gá mi ni Bàbá Ràímì, ọmọ ilé Mùsùlùmí oníṣòwò kan nínú ìlú Àgbádárìgì. Aṣọ ni gbogbo ẹbí rẹ̀ ń tà, òun nìkan ló yà kúrò lọ bá ilẹ̀. Ọwọ́ àwọn òyìnbó ló ti kọ́ iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣèjọba, ó sì kọ́ ọ kọjá bí wọ́n ṣe fẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, kì í rẹ́rìn-ín. Bí mo bá wọ bàtà gun wíkẹ́ẹ̀tì, igi tó bá wà nítòsí ló máa fi dá mi lóhùn.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi rá lórí ilẹ̀ yẹn. A ó gún amọ̀ bí ẹní ń gún iyán, a ó sẹ́ ẹ, a ó tẹ́ ẹ, a ó bu omi wọ́n ọn, a ó sì yí rólà lé e. Òkúta ràbàtà ni rólà nígbà yẹn, àwa mẹ́rin là ń fi okùn fà á, bí ẹnì kan bá dẹwọ́, ẹ̀yìn àwọn mẹ́ta tó kù ló máa gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Ràímì á ní kí n kúnlẹ̀, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo rẹ̀ láti òpin kan dé ìkejì. Ó ní ojú a máa tan èèyàn, ọwọ́ kì í tan èèyàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ti ri òkúta wẹ́wẹ́ márùn-ún mọ́ abẹ́ amọ̀, kí n wá wọn jáde kí n tó jẹun. Títí oòrùn fi kan àtàrí, mẹ́rin ni mo rí. Ebi ń pa mí, orúnkún mi ti bó. Mo rò ó pé kí n ṣa òkúta kan létí pápá kí n fi kún un. Mo tilẹ̀ ti mú ọ̀kan. Mo tún jù ú nù, mo lọ bá a.

"Bàbá, mẹ́rin ni mo rí."

"Márùn-ún ni mo sọ fún ọ."

"Mo gbọ́ o, sà. Mẹ́rin ni mo rí."

Ó ní, "Mẹ́rin náà ni mo rì. Lọ jẹun." Bó ti ń lọ ló yíjú padà: "Hunsu, ẹni tó bá parọ́ fún mi lórí òkúta kan, á parọ́ lórí òkú èèyàn."

Mo rò pé òwe lásán ló ń pa.

Mo rí ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí mi ò rírú rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ológun kan fẹ́ wá wo eré láti Èkó. Wọ́n ti ta àgọ́, wọ́n ti to àga, kúùkù ti ń se oúnjẹ láti ìdájí. Nígbà tí Bàbá Ràímì wo wíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ náà, oòrùn ọ̀sẹ̀ yẹn ti jẹ́ kó là, ẹnu ibi tó là gba ìka. Ó sọ fún wọn pé eré kò lè wáyé lórí rẹ̀. Wọ́n ní kó bu iyẹ̀pẹ̀ dí i. Ó lọ sí àárín wíkẹ́ẹ̀tì, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó jókòó.

Akọ̀wé ìgbà náà sáré wá, òógùn ti bò ó. "Bàbá Ràímì, ẹ má ṣe èyí sí wa! Ẹni ńlá ti dé!"

"Ẹ gbé mi kúrò, tàbí kẹ́ ẹ gbé eré kúrò," ni Bàbá Ràímì wí. "Ọ̀kan nínú méjèèjì."

Wọ́n gbé eré kúrò. Ọ̀gá ológun jẹun, ó lọ. Wọ́n ní kí Bàbá Ràímì lọ jókòó sílé fún oṣù kan láìgba owó. Ó lọ, ó padà wá, kò sọ ọ́ mọ́. Èmi ni mo ń sọ ọ́ káàkiri bí ẹni pé èmi ni mo jókòó.

Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ máa ń fún àwọn eléré ní ẹ̀bùn: ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù, ẹni tó fi bọ́ọ̀lù lé èèyàn jáde jù, ẹni tó mú un jù. Nígbà tí mo dé, ife fàdákà kékeré ni. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wá ya wọ ìlú, tí wọ́n la ọ̀nà mọ́rosẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wá: rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, alùpùpù. Lọ́dọọdún náà ni àríyànjiyàn máa ń bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn ilé ìdáná, láàárín Bàbá Ràímì àti Zinsu, kúùkù ẹgbẹ́.

"Ẹ sọ fún mi," Zinsu á wí, "kí ni wọ́n ṣe? Àbúrò mi ń fa àwọ̀n lójú òkun, ìgbì ń gbá a lójú, ta ló fún un ní nǹkan kan rí? Àwọn wọ̀nyí wọ aṣọ funfun, wọ́n jẹ ìrẹsì mi, wọ́n fi igi lu bọ́ọ̀lù, wọ́n wá ń gba fíríìjì lọ sílé!"

"Zinsu, ṣé o ti dúró níwájú bọ́ọ̀lù yẹn rí?"

"Kí ni mo fẹ́ máa wá níbẹ̀?"

"Wá dúró lọ́la. Má dé nǹkan kan sórí, àwọn náà kì í dé e. Bó o bá padà wá pẹ̀lú eyín rẹ, wá tún un sọ pé kò yẹ wọ́n."

Èmi náà dá sí i lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Bàbá, àwa tí a ṣe ilẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Kí gbogbo àwọn tó wá gbá bọ́ọ̀lù fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ, ẹ̀bùn tiwa nìyẹn."

Owó epo náà dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń gé koríko, àdá àti dòjé wá di ohun à ń sọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ra katakata kékeré tó ń fa rólà onírin. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n ra ẹní. Kì í ṣe ẹní ìsùn o. Irun èèpo àgbọn ni wọ́n fi hun ún, ó nípọn, ó gùn, a ó tẹ́ ẹ sórí amọ̀, a ó fà á kó le dan-in, a ó fi ìṣó gígùn kàn án mọ́lẹ̀ létí. Gbogbo etíkun wa kún fún àgbọn, síbẹ̀ òkè òkun ni wọ́n ti ra ẹní àgbọn wá. Bí ayé ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn, a ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn eléré fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá Ràímì nìkan ló fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, tó ní, "Ohun tó bo ilẹ̀ lè bo àṣìṣe." Ikọ́ mú un kò pẹ́ sígbà náà. Ó padà sí ilé wọn nínú ìlú, èmi di ọ̀gá pápá. Kò ju ọdún kan lọ tó fi kú.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bí nígbà náà kò lè mọ bí owó ṣe ń tán nílùú. Àfi bíi kí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ wa. Ìjọba ní ká fún ìgbànú mọ́ra. Ilé-iṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́. Ẹ̀rọ ìgékoríko kú, kò sí ẹ̀yà rẹ̀ láti rà. Katakata náà kú sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, adìẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Mo tún mú àdá, a tún so okùn mọ́ rólà. Ẹní wa ti gbó. Ibi tí àwọn tó ń sáré ju bọ́ọ̀lù ti ń jẹ́ kó balẹ̀ jù ti fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà ó ya.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, a máa kí mi kí n tó kí i. Mo gbé ọ̀rọ̀ ẹní lọ bá a.

"Bàbá Hunsu, ẹ jẹ́ ká ṣe àṣekágbá ọdún àti ọjọ́ ẹ̀bùn tán ná. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Èkó. Bí ọjọ́ ẹ̀bùn bá dùn, wọ́n á ra ẹní fún wa. Bí kò bá dùn, ẹgbẹ́ á tú, iṣẹ́ yín náà á sì lọ."

"Ẹní yẹn ti ya, sà."

"Ẹ bá wa rán an. Ẹ má dójú tì wá."

Mo rán an. Òwú àwọ̀n tí àwọn apẹja ń lò ni mo fi rán an. Mo yí i padà, mo rán an lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì, ó ń já. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Èmi náà kò sì tà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo pa ẹnu mọ́.

Ọdún yẹn, àwọn méjì ló ń du ẹ̀bùn tó ga jù, fíríìjì funfun kan tí wọ́n ti gbé sí yàrá ìpàdé kí gbogbo ojú lè rí i. Rótìmí ni ìkíní, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kan, ọmọkùnrin gíga tó ń ju bọ́ọ̀lù bí àrá. Ìkejì ni Agọ̀sú, tísà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Aradágùn, ọmọ Ẹ̀gùn bíi tèmi, Mẹ́tọ́díìsì tòótọ́. Bó bá di igi mú, ó dà bíi pé igi ń ronú fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àṣekágbá, nígbà tí ẹgbẹ́ máa ń pín sí apá méjì láti bá ara wọn gbá, Rótìmí pariwo sí i níwájú gbogbo èèyàn pé, "Tísà, sọ fún ìyàwó ẹ pé fíríìjì yẹn ń bọ̀ nílé mi! Bí mi ò bá wó igi ẹ, màá wó orí ẹ." Agọ̀sú rẹ́rìn-ín, ó ní, "Orí mi le ju igi lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá, mo rí i pé ibi tí mo rán lára ẹní náà ti tún là. Ó yanu sílẹ̀ bí ẹja tó kú. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo ti rí ẹni tó ṣe é. Mo wo àwọn àlejò tó ń sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀, mo wo Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀ tó ń juwọ́ sí mi látọ̀ọ́kán, mo ronú kan àwọn ọmọ mẹ́rin tó wà nílé. Mo mú ìṣó kan, mo kàn án mọ́ ibi tó là, ní àárín gan-an, níbi tí ìṣó kò gbọdọ̀ dé. Mo fi òòlù tẹ orí rẹ̀ wọlé. Mo fọwọ́ pa á, ó tẹ́jú. Mo sọ fún ara mi pé ó tẹ́jú.

Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni ó kan Rótìmí láti ju bọ́ọ̀lù sí Agọ̀sú. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, Agọ̀sú gbá a lọ. Ìkejì bẹ́ẹ̀. Rótìmí fà sẹ́yìn gan-an fún ìkẹta, ó sáré wá, ó jù ú. Ó yẹ kí bọ́ọ̀lù náà ta dé ìbàdí. Ibi tó balẹ̀ sí, mo gbọ́ ìró kékeré kan, kín-ín, bí ìgbà tí ṣíbí bá kan àwo. Bọ́ọ̀lù fò sókè bí ẹyẹ tí wọ́n ta jí. Ẹ̀bátí òsì ló ti bá Agọ̀sú. Kò pariwo. Ó kọ́kọ́ jókòó, bí ẹni tó rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀.

Gbogbo èèyàn sáré lọ bá a. Èmi náà sáré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo lọ. Èyí ni mo ti ń fẹ́ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Mo kúnlẹ̀ sórí ẹní bí ẹni tó ń gbàdúrà, mo fi ìka wá ìṣó náà, orí rẹ̀ ti yọ. Mo fà á tu, mo fi í sápò, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ẹní dé. Ọwọ́ tí Bàbá Ràímì kọ́ níṣẹ́ ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, wọ́n ti ń gbé Agọ̀sú lọ sínú ọkọ̀, Rótìmí dúró sójú kan, ó ń sọ pé, "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ o. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀." Ẹnì kan dá a lóhùn pé, "Ṣebí o ti sọ pé wàá wó orí ẹ̀."

Ọjọ́ kẹta ni Agọ̀sú kú. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sẹ̀tónjí, lóyún oṣù márùn-ún. Mo ju ìṣó náà sínú ọ̀sà. Mo lọ síbi ìsìnkú. Mo bá wọn gbẹ́ ilẹ̀, torí gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé mo mọ ilẹ̀ ẹ́ gbẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹgbẹ́ pe ìpàdé lórí ẹ̀bùn ọdún. Èyí kì í ṣe eré abẹ́ igi fúrúùtù mọ́. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé, mo ń gbọ́ wọn.

Ẹnì kan ní, "Iṣẹ́ là ń fún lẹ́bùn, a kì í fún ìwà. Kò sí ẹni tó ju bọ́ọ̀lù tó Rótìmí lọ́dún yìí. Ó yẹ ẹ́."

Ẹlòmíràn fò dìde. "Ẹni tó pa ẹni tí wọ́n jọ ń du fíríìjì ni kẹ́ ẹ gbé fíríìjì fún? Ẹran wo ló máa kó sínú ẹ̀?"

"Ẹ̀yin pe jàǹbá ní ìpànìyàn!"

"Ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀! Gbogbo wa la gbọ́!"

Ẹni kẹta ní kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni mọ́, kí wọ́n fi òpin sí ẹ̀bùn pátápátá, nítorí ẹ̀bùn ló sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Wọ́n fà á títí. Níkẹyìn ni Alága, dókítà àgbà kan, ní, "Ohun kan ló lè parí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ilẹ̀ bá dára, a jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó jù ú ló darí ẹ̀. Ẹ pe Hunsu."

Mo wọlé. Rótìmí jókòó lẹ́bàá ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín itan. Ó gbé ojú sókè wò mí. Èmi nìkan ni ìrètí rẹ̀ kù sí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀ ń wo tábìlì.

"Hunsu," Alága wí, "báwo ni ẹní yẹn ṣe rí lọ́jọ́ náà?"

"Ó dáa, sà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Ó tán. Wọn kò fún Rótìmí ní ẹ̀bùn, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́. Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀bùn pé, Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀ pe orúkọ mi síta, ó ní ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń fi òtítọ́ sin ẹgbẹ́. Aago ògiri ni wọ́n fún mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo gbé e délé, ìyàwó mi wò ó, ó ní, "Ẹgbẹ́ tó ń ṣọ̀fọ̀, aago ayọ̀ kí ni wọ́n ń fún yín?" Mi ò gbé e kọ́. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló dákẹ́ sí.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo tún lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo ṣe é dáadáa, ẹ gbà mí gbọ́. Wọ́n ra ẹní tuntun ní oṣù kan péré lẹ́yìn ọjọ́ ẹ̀bùn yẹn; mi ò kan ìṣó sí àárín ẹní mọ́, mi ò sì rán ẹní mọ́. Mo kọ́ ọmọkùnrin mẹ́ta níṣẹ́, mo le koko mọ́ wọn, wọ́n sì ń bẹ̀rù mi bí mo ṣe bẹ̀rù Bàbá Ràímì. Ṣùgbọ́n mi ò fi òkúta dán ẹnikẹ́ni wò rí. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè ṣe é. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà tú. Àwọn àgbà kú, àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ìlú òyìnbó, wọ́n fi ọgbà yí apá kan pápá ká, wọ́n tà á fún àwọn tó ń kọ́lé. Nígbà tí wọ́n ní kí n lọ sinmi, koríko ti dé orúnkún lórí wíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ló dára. Mi ò mọ èyí tó dára. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo iṣẹ́ ní ibi kan tí ojú ẹlòmíràn kò tó, ibi tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo mọ̀ bóyá ó tẹ́jú tàbí kò tẹ́jú. Ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ kò lè bá ọ dé. Kẹ́ ẹ tó mú iṣẹ́, ẹ wò ó bóyá ẹ lè dá dúró níbẹ̀.

Nígbà tí mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sí ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ mi mọ́, nígbà náà ni ẹnu mi tó fẹ́ ṣí. Ẹ má pe ìyẹn ní ìgboyà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè Rótìmí. Wọ́n ní ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mọ́rosẹ̀, kò jìnnà sí Ìjanìkin, ó ń lẹ táyà. Mo lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá Hunsu. Ẹ jókòó."

Mo jókòó sórí táyà kan, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹní tó ya, òwú àwọ̀n, ìṣó, ìró kékeré tí mo gbọ́, àpò mi, ọ̀sà. Ó ń ri túùbù bọ omi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Nígbà tí mo parí, ó fi túùbù sílẹ̀ sínú omi.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún," ló wí. "Wọ́n pè mí ní apànìyàn níbi iṣẹ́ títí mo fi kúrò. Àwọn ará ilé ìyàwó mi wá mú un lọ. Gbogbo ìyẹn, mo fara dà á. Ṣùgbọ́n mo máa ń ju bọ́ọ̀lù yẹn lójú oorun, Bàbá. Màá máa wo ọkàn mi bí mo ṣe ń sáré bọ̀, bóyá mo fẹ́ bà á lórí. Nígbà míì, mo máa ń rí i pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe ìwọ. Ìṣó ni. Èmi ni."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sí."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ sòkòtò, ó dìde. "Ẹ dìde, sà. À ń lọ sí Aradágùn."

Ìyá Sẹ̀tónjí wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ yọ àgbọn fún òróró. Ọmọkùnrin rẹ̀, èyí tó wà nínú oyún nígbà náà, ti lọ síléèwé. Nígbà tó rí Rótìmí, ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lo wá ṣe nílé mi?"

Rótìmí ní, "Bàbá ló ní ọ̀rọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀. Èdè Ẹ̀gùn ni mo fi sọ ọ́ fún un, kí n má baà rí Yorùbá sá pamọ́ sí. Mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tí mo dákẹ́, kò sunkún. Ó wo àgbọn tó wà nínú agbada, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìyá ọkọ mi fi èpè Rótìmí sí ẹnu kú," ló wí. "Èpè yẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Rótìmí. "Àwọn tó wá pariwo níbi iṣẹ́ rẹ, èmi ni mo rán wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ìyàwó rẹ, èmi fúnra mi ni mo lọ. Mo ní kí wọ́n má fi ọmọ wọn sílé apànìyàn."

Rótìmí ní, "Mo mọ̀, Mà. Wọ́n sọ fún mi."

"O mọ̀, o ò wá bá mi?"

"Kí ni mo fẹ́ wí? Mo rò pé òótọ́ ni."

Ìyá Sẹ̀tónjí dìde, ó wọlé. A gbọ́ bó ṣe ṣí ìkòkò. Nígbà tó jáde, kọ́ọ̀bù omi kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí èèpo àgbọn tó wà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Rótìmí. Rótìmí gbà á, omi ń dà sí i láyà, ó mu ún tán.

Obìnrin náà kò wò mí. Ó ní, "Ẹ máa lọ, Bàbá."

Mo dìde kúrò lórí ìdọ̀bálẹ̀, mo mú fìlà mi. Rótìmí kò tẹ̀lé mi. Nígbà tí mo dé igun ilé, mo gbọ́ tí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo sì gbọ́ ohùn Rótìmí tó ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ẹ pẹ̀lẹ́." Mi ò padà. Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé etí mọ́rosẹ̀, oòrùn mú gidigidi, ọ̀fun mi sì gbẹ.